Ilé Àtijọ́ Inú Ọgbà Rélùwéè

Ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni kò tíì fojú kan ọkọ̀ ojú irin rí, nítorí ojú irin kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, tí ẹ sì fẹ́ mú àwọn ọmọ jáde, ẹ wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́, ẹ gba Oǹdó bọ́ sí títì márosẹ̀ tó lọ sí Èkó, kí ẹ sì béèrè ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta.

Ọdún 1896, láyé Ọbabìnrin Victoria, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ní 1901, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní 1898 nígbà tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sínú ọgbà náà fún ọ̀gá àgbà rélùwéè. Jaekel House ni à ń pè é, ní ìrántí Francis Jaekel, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, kò jẹ́ kí ilé náà parun. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé, ló ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2010. Wọ́n kó àwòrán rélùwéè àti ti àwọn ilé àtijọ́ sínú rẹ̀ kí àlejò lè máa wò wọ́n. Ilé tí ènìyàn ń wọ̀, tí wọ́n ń tọ́jú, kì í tètè wó.

Òfin nìkan kò tó. Ní 1956, ìjọba kéde Ìlójò Bar, lẹ́bàá Tinúbú ní Èkó, pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù September 2016. Kò sí ẹni tó lè mú ọmọ rẹ̀ lọ wò ó mọ́.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ààfin àtijọ́ ti Déjì wà ní Àkúrẹ́, àgbàlá rẹ̀ lé ní 15. Ní Oǹdó, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá wa fi owó kòkó kọ́ ṣì wà ní ìdúró. Ẹ̀yin òbí, bí páànù bá ń jò, ẹ dí i kí igi àjà tó jẹrà. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ́ ilé náà àti ọdún tó kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ẹbí bá ní kí a wó o, ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń wó ilé tí a kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.