Eric Williams, Olùkọ́ Gbàgede Woodford

Ní ọdún 1954, ní ilé ìkàwé ìjọba ní Port of Spain, olú ìlú Trinidad, ọkùnrin méjì dìde níwájú èrò láti bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, sọ nípa ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, Dom Basil Matthews. Èkejì ni Dókítà Eric Williams. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú láti ohun tó lé ní 2,200 ọdún ni aráàlú kúrò nílé wọn wá gbọ́. Kò tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí tí Williams fi gba òmìnira Trinidad àti Tobago lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa kò jìnnà. Ẹ wo ìwé orúkọ wa: Dókítà rèé, Ẹnjiníà rèé, Bárísítà rèé. Oyè ìwé kò wọ́n wa. Ohun tí à ń fi ìwé náà ṣe fún ẹni tí kò kà á ni kò tíì yé mi.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 1911 ni wọ́n bí Williams. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá rẹ̀, owó oṣù kò tó ná, ọmọ méjìlá ló sì wà nílẹ̀ tó ń jẹun. Òun ni àkọ́bí. Ní Queen's Royal College, níbi tó ti kàwé, ó fara pa nídìí bọ́ọ̀lù, etí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo látìgbà náà. C. L. R. James wà lára àwọn tó kọ́ ọ níbẹ̀, James tó padà di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lọ́dọọdún ló gbé Williams dé Oxford. Ó gba oyè kìíní nínú ìmọ̀ ìtàn ní 1935, ó di dókítà ní 1938.

Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ló bí ìwé rẹ̀, Capitalism and Slavery. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ ni pé àánú ló mú kí ilẹ̀ wọn fòpin sí òwò ẹrú. Williams ní kí wọ́n gbé ìwé ìṣirò wá. Ó tọ ipasẹ̀ owó láti èbúté Liverpool àti Bristol dé oko ìrèké ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó ní èrè tí wọ́n jẹ lórí ẹrú àti lórí ṣúgà wà lára owó tí wọ́n fi dá àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wọn sílẹ̀. Ó tún ní ìgbà tí oko ìrèké àwọn erékùṣù náà kò mówó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ni ohùn àwọn aláàánú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni gbọ́ ọ. Àwọn òpìtàn ṣì ń bá a fa apá kejì ọ̀rọ̀ yìí títí dòní. Ní Amẹ́ríkà ni ìwé náà ti jáde ní 1944, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Howard. Ogún ọdún gbáko ló kọjá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó kọ ọ́ ti di olórí ìjọba nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá tààrà. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí pátápátá ní àwọn erékùṣù náà ní 1838, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, láti Sierra Leone, lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń bọ Ṣàngó, Ògún àti Ọ̀ṣun níbẹ̀.

Nígbà tó bá Matthews jiyàn, Williams ti padà sílé láti Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Àjọ Caribbean, àjọ tí àwọn òyìnbó amúnisìn dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn erékùṣù náà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 1955, wọ́n kọ̀ láti tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹlòmíràn ì bá di ẹrù, kó padà sí Amẹ́ríkà, kó máa kọ́ni lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ó lọ sí Gbàgede Woodford, níwájú Red House tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó, ó tú gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti àjọ náà sílẹ̀ fún aráàlú, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ lòun máa wà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbàgede yẹn ní yunifásítì. Kò sì fi orúkọ lásán pè é bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ èbúté, ìyá ọlọ́jà, awakọ̀, tíṣà, gbogbo wọn ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin ìjọba, iye tí epo rọ̀bì ń mú wọlé, ìtàn oko ìrèké. Kò bu omi la ìmọ̀ náà nítorí pé mẹ̀kúnnù ló ń gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbóríyìn fún un jù lọ nìyẹn, ju ìbò tó wọlé lọ.

Ìbò náà sì wọlé. Oṣù Kìíní 1956 ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, PNM, sílẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti gba ìjókòó 13 nínú 24. Ọ̀rọ̀ Chaguaramas ló tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ti fi ilẹ̀ etíkun yẹn yá Amẹ́ríkà láti fi ṣe ibùdó ọkọ̀ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láì bi onílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1960, òjò ń rọ̀, Williams kó èrò jọ sí gbàgede, wọ́n dáná sun àwọn ìwé tí wọ́n kà sí ẹrù amúnisìn, àdéhùn ibùdó náà wà lára wọn, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn gba àárín ìlú nínú òjò. Kò pẹ́ tí Amẹ́ríkà fi jókòó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ erékùṣù mẹ́wàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, tí Trinidad wà lára wọn, kò tọ́jọ́. Jamaica dìbò jáde ní 1961, Williams sì ní bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́wàá, òdo ló kù.

Marlborough House, ní Pall Mall ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ òmìnira ní 1962. Àwọn ọmọ Íńdíà, tí wọ́n ti ń kó àwọn baba ńlá wọn wá sí oko ìrèké Trinidad láti 1845, ń bẹ̀rù pé aláwọ̀ dúdú ni yóò jogún ìjọba tí Gẹ̀ẹ́sì bá lọ. Rudranath Capildeo, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣáájú ẹgbẹ́ alátakò. Ìpàdé fẹ́ fọ́. Nígbà tí wọ́n dìde láti mu tíì ni Williams lọ bá Capildeo, ó ṣe ìlérí fún un lórí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n padà sórí ìjókòó, ọ̀nà sì là. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1962 ni òmìnira dé.

Ọjọ́ yẹn náà ló gbé ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè tuntun náà jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí Íńdíà tó jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni mọ́, kò sí Áfíríkà tó jẹ́ ìyá, Trinidad àti Tobago nìkan ni ìyá. Mo kà á, inú mi kò dùn, nítorí àwa ni ìyá tó ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n bí òun bá pe Áfíríkà ní ìyá, kí ni Capildeo yóò pe Íńdíà? Mo fara mọ́ ọn láìfẹ́.

Ibi tí mi ò lè fara mọ́ ni ọ̀rọ̀ James. Williams ló fi í sípò olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n padà jà, James fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tó padà wá ní 1965 láti kọ ìròyìn eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ìjọba ọmọ tó kọ́ sé e mọ́lé lábẹ́ òfin pàjáwìrì. Ẹni tó sé tíṣà rẹ̀ mọ́lé, kí ni kò ní í ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn? Ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ tú síta, wọ́n ń béèrè ìdí tí báǹkì àti epo fi wà lọ́wọ́ àjòjì lẹ́yìn òmìnira. Gbàgede Woodford kan náà ni wọ́n ń péjọ sí, wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin aráàlú. Nínú wọn ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí Williams sọ fún ní 1962 pé inú àpò ìwé wọn ni ọjọ́ ọ̀la orílẹ̀-èdè wà; òun náà ló sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Wọ́n kàwé, wọ́n wá bi í ní ìbéèrè. Ó kéde òfin pàjáwìrì ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ó ti àwọn aṣáájú wọn mọ́lé, apá kan nínú àwọn ológun sì dìtẹ̀.

Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í ráyè wọlé Dókítà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ kò bá ti wù ú, á pa ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ràn, á sì jókòó síbẹ̀ nínú jígí dúdú rẹ̀. Ní 1971, alátakò kọ ìbò sílẹ̀, PNM gba gbogbo ìjókòó 36. Ní 1973 ó ní òun fẹ́ lọ sinmi, owó epo gbé sókè, kò lọ mọ́. Orí oyè ló kú sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1981.

Ní 2022, ilé iṣẹ́ Penguin tún tẹ Capitalism and Slavery jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ó sì wọ inú àwọn ìwé tó tà jù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní oyè ìwé, ẹ lọ rà á. Kí ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á tán bá wa sọ ohun tó wà níbẹ̀ nípàdé, ní Yorùbá, láìbomi là á, kí àwọn ìyá wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà lè bi í ní ìbéèrè, kó sì dúró dá wọn lóhùn.