Kí Ẹni Tí A Tì Mọ́lé Pe Ẹni Tí Ó Tì Í Lẹ́jọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a tún ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, n kò sì bá a jà. Àwọn ẹni méjì tí ń gbé agbo ilé kan, tí ń pọn omi nínú odò kan, tí ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ìwé kan náà, kò yẹ kí wọ́n torí ewúrẹ́ tí ó jẹ iṣu fa ara wọn lọ síwájú adájọ́. Baálé ń bẹ láti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i pé a ń fi òwe yìí pa àwọn kan lẹ́nu mọ́ tí a kò pa á fún. Wọ́dà àti ẹni tí ó tì mọ́lé kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ní baálé kan náà tí yóò pè wọ́n jókòó. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹnìkejì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ṣi agbára lò, ta ni yóò bi í? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bá mi gbé yẹ̀wò.

Ọ̀ràn aládùúgbò mi kan ní Ìsẹ́yìn ni ó mú un wá sí ọkàn mi. Ahunṣọ ni, òfì rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìjà kan ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n ní ó wà nínú àwọn tí ó ṣe ènìyàn léṣe, a sì fi í sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tí n kò ní dárúkọ, kí ó máa dúró de ìgbẹ́jọ́. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ní gbangba, lójú àlejò tí ó wá bẹ ọgbà náà wò, pé oúnjẹ tí a ń bù fún wọn ń dínkù lójoojúmọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí tí wọ́dà mẹ́ta fi ẹ̀sùn kàn án pé ó lu ọ̀kan nínú wọn, àti pé ó ń ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù láti dá rúkèrúdò sílẹ̀. Ẹjọ́ ìjà orí ilẹ̀ parí, a rí i pé kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kejì yìí kò jẹ́ kí ó padà sílé. Oṣù méje gbáko ni ó fi kún un. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí dé iwájú májísíréètì, ọ̀kan ní òwúrọ̀ ni ìlù náà ṣẹlẹ̀, èkejì ní alẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n ní a lù kò sì rí ojú egbò kankan fi hàn. Adájọ́ dá a sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi.

Kí ó tó dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ti ta òwú àti òfì kan láti fi bọ́ àwọn ọmọ. Ó tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹlẹ́wọ̀n lè pe wọ́dà lẹ́jọ́?"

Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ lè pè wọ́n."

Ó ní, "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, pé ṣebí mo ti padà wá láàyè."

N kò bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Àtìgbà ìwáṣẹ̀ kọ́ ni ilẹ̀kùn kóòtù ti ṣí sílẹ̀ fún irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ìbẹ̀rù àwọn àgbà sì ní ìdí. Nígbà tí Lugard da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, ó gbé àwọn kóòtù ìgbèríko kalẹ̀, níbi tí àjẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ-abẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ adájọ́, òfin sì ka lọ́yà léèwọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ń ṣe ìjọba lé ọ lórí náà ni ń dá ẹjọ́ rẹ, kò sì sí agbẹjọ́rò tí yóò bá ọ sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1916, àwọn ará Òkèihò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba. Kóòtù ìbílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó bí wọn nínú. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ta sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó dìde àti lọ́wọ́ ìjọba tí ó gbẹ̀san. Títí di 1933 ni a kò yí òfin kóòtù wọ̀nyí padà kí lọ́yà tó lè rí àyè. Ìran tí ó rí nǹkan wọ̀nyí ni ó kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kí ó sá fún kóòtù. Ẹ̀kọ́ náà yẹ ìgbà wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà ti yí padà, ẹnìkan tí a sì kó wá sí ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín wà lára àwọn tí ó yí i padà.

Èṣùgbàyí, Ẹlẹ́kọ̀ ti Èkó, ni mo ń wí. Ní oṣù kẹjọ 1925 ni ìjọba yọ ọ́ lóyè, tí wọ́n sì gbé e kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Kò sí nínú túbú, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti padà sí ilé ara rẹ̀. Ó bi ìjọba ní ìbéèrè kan ṣoṣo: òfin wo ni ó fún yín ní àṣẹ láti dá mi dúró níhìn-ín? Àwọn kóòtù ilẹ̀ wa kọ̀ láti wádìí rẹ̀. Ọ̀ràn náà dé Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní 1928 wọ́n ní bí adájọ́ kan bá kọ̀ fún un, ó lè tọ òmíràn lọ. Ní 1931, láti ẹnu Lord Atkin, wọ́n là á yé gbogbo ayé pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lè dí ènìyàn lọ́wọ́ òmìnira rẹ̀ àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ní ọdún náà gan-an ni Èṣùgbàyí padà sí Èkó. Ó sì wàjà ní 1932. Ọdún mẹ́fà ni ó fi béèrè, ìdáhùn tí ó sì gbà di ti gbogbo wa.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọba nìkan ni ilé-ẹjọ́ ń gbọ́ tirẹ̀. Ní 1981, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, a pa ọkùnrin kan tí a dá ẹjọ́ ikú fún nítorí ìdigunjalè, nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà níwájú kóòtù láìtíì parí. Àwọn tí ó ń bọ́ pe ìjọba lẹ́jọ́. Wọ́n pàdánù ní kóòtù àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù ní èkejì. Ṣùgbọ́n ní 1986 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn láre nínú ẹjọ́ tí a ń pè ní Bello àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé níbi tí ẹ̀tọ́ bá wà, àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní owó gbà-máà-bínú. Nínú ìdájọ́ mìíràn tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn òfin ní 1996, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Nemi pé ẹni tí ń dúró de okùn pàápàá ṣì lè wá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Bí ẹni tí a ti dá ẹjọ́ ikú fún bá lè béèrè, mélòó-mélòó ni ahunṣọ tí a rí pé kò jẹ̀bi!

Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò fẹ̀, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi hàn pé a pe òun lẹ́jọ́ láti inú àránkàn gbọ́dọ̀ fi ìdí ohun mẹ́rin múlẹ̀. Èkíní, pé ẹni tí ó ń pè lẹ́jọ́ gan-an ni ó dá ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó kàn sọ ohun tí ó rí fún ọlọ́pàá kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ lọ ti ṣe é. Èkejì, pé ẹjọ́ náà parí sí ojúrere rẹ̀. Ẹ̀kẹta, pé kò sí ìdí gidi kan tí olóye ènìyàn fi lè gbà pé ó ṣẹ̀. Ẹ̀kẹrin, pé àránkàn ni ó wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ òdodo. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ wó. Òótọ́ ni pé ẹlẹ́wọ̀n náà lè parọ́ mọ́ wọ́dà, iṣẹ́ wọ́dà sì le. Ìdí nìyí tí òfin fi gbé ẹrù wúwo báyìí lé ẹni tí ó pẹjọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú ti jà lórí ìwọ̀n ẹrù yìí. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ogun tí ó mú òpin bá oko ẹrú, wọ́n ṣe òfin kan ní 1871 tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pe òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́jọ́. Òfin náà ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọn ń lò títí di òní. Ní oṣù kẹrin 2022, nínú ẹjọ́ Thompson àti Clark, ilé-ẹjọ́ wọn tí ó ga jùlọ sọ pé kò di dandan kí olùpẹjọ́ fi hàn pé a kéde òun ní aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Ó tó bí ẹjọ́ àkọ́kọ́ bá ti parí láìsí ìdálẹ́bi. Aládùúgbò mi ní ju èyí lọ lọ́wọ́, nítorí adájọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi.

Ohun kan ṣoṣo ni ó dẹ́rù bà mí nínú ọ̀ràn rẹ̀: ọjọ́. Òfin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó ní kí a pè é lẹ́jọ́ láàárín oṣù mẹ́ta péré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti kọjá tí a ti dá a sílẹ̀. Ó ń wá owó òwú, kò sì sẹ́ni tí ó sọ fún un. Ọ̀nà kejì wà pẹ̀lú, ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ó wà nínú ìwé òfin 1999. Òfin náà ní ẹni tí a bá tì mọ́lé láìbófinmu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ìlànà tí a ṣe ní 2009 sì sọ pé gbèdéke ọjọ́ kò dí ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ta ni í fi ọ̀nà kan sílẹ̀ kí ó tì nígbà tí ó lè tọ méjèèjì? A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀: ọjọ́ tí ó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, orúkọ àlejò tí ó gbọ́, ọjọ́ tí ẹ̀sùn dé, ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan wí. Ní ọjọ́ kejì ó gba ẹ̀dà ìdájọ́ ní kóòtù, ó sì gbé e lọ bá àwọn lọ́yà Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976 fún àwọn tálákà. Ẹjọ́ náà wọlé ṣáájú ọjọ́ tí ìbá pé oṣù mẹ́ta. Adájọ́ kò tíì dá a.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni èrè rẹ̀ bí ó bá pàdánù. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ọgbà ẹ̀wọ̀n kò lè wádìí ara rẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí ó jàre, bí ó jẹ̀bi, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí yóò dúró níwájú ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá wọn, wọn yóò sì dáhùn. Wọ́dà tí ó bá mọ̀ pé a lè bi òun ní ìbéèrè yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fẹ̀sùn kan ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ oúnjẹ. Kì í ṣe ẹ̀san ni èyí. Ààbò ẹni tí yóò tẹ̀lé e wọ inú yàrá náà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, àti ní gbogbo abúlé Òkè-Ògùn, àwa ni àwọn ará ilé ń gbé ìwé wá bá. Nígbà tí irú ọkùnrin yìí bá wọlé tọ̀ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ pa òwe kóòtù fún un. Ẹ mú kálámù, kí ẹ sì bi í pé ọjọ́ wo ni a dá a sílẹ̀.