Ìkùukùu Ọ̀nà Ùsì àti Iná Mọ́tò Ìgbàlódé

Bí ẹ bá wá sí Ùsì-Èkìtì ní àkókò òjò, tí ẹ sì jáde ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ ó rí i bí ìkùukùu ti í bo ọ̀nà Ìdó bí òwú. Bí oòrùn bá là pàápàá, kì í tètè ká. Ńṣe ni í funfun sí i.

Nínú irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbéra lọ sí Adó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mọ́tò rẹ̀ a máa tan iná fúnra rẹ̀. Mo ní, “Tan iná.” Ó dáhùn pé, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ yìí mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.” Mo rí i pé iná kékeré méjì ń tàn níwájú, mo sì dákẹ́.

A kò tíì dé Ìdó tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi tẹ bíréèkì gììrì lẹ́yìn wa. Díẹ̀ ló kù kí ó gorí wa. Awakọ̀ náà kígbe pé, “Àlàájì, iná ẹ̀yìn yín kò tàn o!” Mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó: iwájú ń tàn, ẹ̀yìn ṣókùnkùn.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ojú ẹ̀rọ kékeré kan ń bẹ nídìí gíláàsì iwájú tí ń wo ìmọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò tan iná. Ṣùgbọ́n ìkùukùu òwúrọ̀ funfun. Ojú ẹ̀rọ rò pé ọ̀sán ti pọ́n ni. Iná ọ̀sán lásán ni iná kékeré tí a rí. Láti ọdún 2011 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún irú ọkọ̀ titun, ṣùgbọ́n kò ní kí iná ẹ̀yìn bá a tàn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wà lára tòkunbọ̀ tí a ń rà.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni ẹ̀rọ ń wò. Kò mọ̀ bóyá ẹlòmíràn rí yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń wa ọmọ lọ sí ilé-kéú àti ilé-ìwé, bí ìkùukùu, ọyẹ́ tàbí òjò bá bo ọ̀nà, ẹ fi ọwọ́ ara yín yí iná kúrò ní AUTO, kí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè jọ tàn. Ẹ má tan èyí tí ń mọ́lẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, nítorí ìkùukùu yóò dá a padà sí yín lójú.

Aago ń bẹ lára ògiri mọ́sáláṣí wa, síbẹ̀ ẹni tí yóò pe ìrun Màgáríbì a máa yọjú wo ìwọ̀-oòrùn. Kí Ọlọ́hun Ọba ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.