Ìpara Tó Lè Bá Oòrùn Tudu Figagbága

Ní Tudu, lẹ́bàá ọjà Makola ní Accra, oòrùn ọ̀sán kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ẹni tó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀ kò ní ibòji ju igbá orí rẹ̀ lọ. Bí awọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ èyí tí nǹkan tètè ń bí nínú, ìpara wo ni kó fi dènà oòrùn?

Kó yí ike ìpara náà sẹ́yìn, kó wá zinc oxide tàbí titanium dioxide. Nígbà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé èròjà ìdènà oòrùn 16 yẹ̀ wò lọ́dún 2019, àwọn méjì yìí nìkan ni wọ́n dábàá pé ẹ̀rí wà pé wọn kò léwu, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Zinc oxide yìí kan náà ni àwọn ìyá fi ń pa ìdí ọmọ tí ìlédìí ti bó.

Funfun irú ìpara yìí ni wàhálà. Aláwọ̀ dúdú tó bá fi í pa ojú máa ń rí bí ẹni tó forí bọ àpò ìyẹ̀fun! Èyí tí wọ́n fi iron oxide pa láró ló sàn: ó bá awọ mu, ó tún ń dín agbára ìmọ́lẹ̀ tí ń fa àmì dúdú kù. Kí SPF rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, jẹ́ 30 sókè, kó má sì ní lọ́fínńdà.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìpara tí ń bóra dípò rẹ̀ o. Láti oṣù kẹjọ 2016 ni Ghana ti fòfin de hydroquinone, èròjà tí ń bóra, nínú ìpara ìṣaralóge.

Bí òógùn bá ti ṣan ìpara oòrùn náà lọ, kó tún un pa.