Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Ọmọ Mi Nínú Igbó

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn èmi gan-an. Láti ọdún 2017 ni ó ti wà nínú mi. Ọkọ mi ni ó ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí mo bá lè sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi nídìí ìkòkò ọbẹ̀, kí ni ó dé tí n kò fi lè sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí?

Ní ọdún 2015 ni àkọ́bí wa ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà náà, mú lẹ́tà kan wálé láti ilé ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Epping Forest, igbó ńlá kan tí ó wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìlú náà, láti lọ ṣe eré ìje kan tí wọ́n ń pè ní orienteering. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó yé mi nínú rẹ̀ ni pé wọn yóò fún ọmọ mi ní máàpù àti kọ́ńpáàsì, wọn yóò sì ní kí ó máa sáré wọ inú igbó lọ.

Ní Iléṣà tí wọ́n ti tọ́ mi, ọdẹ ni ó ń lọ sí igbó, àti ẹni tí ó bá ní oko níbẹ̀. A kì í rán ọmọdé nìkan. Bí bàbá mi bá ń kó wa lọ sí oko, tí a bá dé oríta, yóò já ewé, yóò fi í dí ọ̀nà tí kò yẹ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn gbà. Gbogbo wa ni à ń délé. Mo sọ fún ọkọ mi pé n kò ní fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí i.

Ọmọ náà padà dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Kò jẹ́ kí a sinmi lálẹ́ ọjọ́ náà. Àfi ìgbà tí ó di dandan kí á máa gbé e lọ.

Eré náà kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á fi àwọn àsíá kéékèèké olójú mẹ́ta sínú igbó, apá kan funfun, apá kejì pọ́n bí ọsàn tí ó gbó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀. Máàpù yóò fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ ọ̀nà tí wàá gbà débẹ̀ fún ọ. Ìwọ ni wàá wo òkè, odò, ipa ọ̀nà àti kọ́ńpáàsì, tí wàá sì pinnu. Bí o bá dé ìdí àsíá, ọ̀pá kékeré kan tí a so mọ́ ìka rẹ ni wàá tì bọ inú àpótí tí ó wà níbẹ̀. Yóò dún “pí”, ó ti kọ àkókò rẹ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá kárí gbogbo àsíá rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, tí ó sì yára jù, ni ó borí. Máàpù wọn tilẹ̀ kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú, nítorí igbó tí ènìyàn lè sáré nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ ní funfun. Igbó dídí nìkan ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Lójú tèmi, igbó ni igbó.

Àwọn ará Norway àti Sweden ni wọ́n ni eré náà. Lọ́wọ́ àwọn ológun ni ó ti wá. Ní ọdún 1897 ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn nítòsí ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí. Ní ọdún 1919, ọ̀gá ológun kan ní Sweden, Ernst Killander, ṣètò ìdíje ńlá kan nítòsí Stockholm, nítorí ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ sáré mọ́. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní O-Ringen ní Sweden nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ní ọdún 1985, àwọn tí wọ́n wá síbẹ̀ lé ní 20,000. Bàbá, ìyá, ọmọ, ìyá àgbà, gbogbo wọn pẹ̀lú àgọ́ àti ìkòkò. Ẹni tí ó bá ti lọ sí àpéjọ ńlá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn rí yóò mọ bí ó ṣe rí.

Ìdí tí ó fi jẹ́ eré ẹbí ni pé kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọ̀ ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Funfun ni ti àwọn ọmọdé, bíi kìlómítà kan lé díẹ̀, lórí ọ̀nà tí ó hàn kedere. Yẹ́lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti àwọ̀ ọsàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tí àgbà ọ̀jẹ̀ nìkan lè sá. Nínú àwọn ìdíje ńlá, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín ènìyàn, láti ọmọ ọdún 10 títí dé àwọn tí wọ́n ti lé ní 80. Àwọn ọmọ tí kò tí ì lè ka máàpù ńkọ́? Wọ́n á ta okùn láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì, wọ́n á fi àwòrán ẹranko kọ́ ọ, ọmọ náà á sì máa di okùn mú lọ. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 5, fẹ́ràn okùn yìí ju oúnjẹ lọ. Bí bàbá àti ìyá bá sì fẹ́ sáré méjèèjì, wọn yóò fún wọn ní àkókò tí ó jìnnà síra, kí ọ̀kan lè dúró ti ọmọ títí èkejì yóò fi jáde.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ má baà bi mí. Ọ̀pọ̀ ìdíje yìí ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú. Èyí tí ó tóbi tí wọ́n ń pè ní JK tilẹ̀ bọ́ sí àkókò Àjíǹde. Àwọn ti Sátidé ni àwa ń lọ. A ti pàdánù púpọ̀ nítorí èyí, ọmọ mi sì ti sunkún lé e lórí. Ìyẹn wà láàárín àwa àti òun.

Sátidé àkọ́kọ́ tí a lọ, inú mọ́tò ni mo jókòó sí, mo gbé hítà sókè, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán wá kan gíláàsì. Ó ní ṣé mo lè bá àwọn jókòó nídìí tábìlì níbi ìparí, ọwọ́ kò tó. Ẹ̀yin ará mi, ọkàn mi kò mọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mo sì wí nínú ara mi pé nítorí pé ó rí obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó fi mọ ẹni tí yóò rán níṣẹ́. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú tí ó le.

Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí wọ́n ń san owó fún níbẹ̀. Ọkùnrin tí ó ń darí mọ́tò nínú ẹrẹ̀, dókítà ni. Ẹni tí ó ṣètò ọ̀nà ti ń rìn nínú igbó náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó ń so ribọ́ọ̀nù sí ibi tí àsíá yóò wà, ẹlòmíràn sì tún lọ wò ó bóyá ó tọ̀nà. Àwọn kan ti jí ní òkùnkùn láti lọ ri àsíá mọ́lẹ̀. Ìyá onírun funfun náà wà lára wọn, ẹni ọdún 74. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó lọ sá tirẹ̀, ó sì padà wá bu tíì fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba ipò kìíní ni ó kọ́kọ́ padà sínú igbó pẹ̀lú àpò láti lọ kó àsíá wálé. Mo rántí àwọn ènìyàn márùn-ún kan náà tí wọ́n máa ń fọ ife lẹ́yìn ìpàdé wa, ojú tì mí díẹ̀.

Bí a ṣe wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi di ẹni tí ń darí mọ́tò. Èmi di ìyá onítábìlì. Mo gbìyànjú láti sá ti yẹ́lò lẹ́ẹ̀kan, mo sì lo wákàtí kan ààbọ̀ fún ohun tí àwọn ọmọ ọdún 9 parí kí tíì tó tutù. N kò tún dán an wò.

Iṣẹ́ tábìlì náà ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ igbó, yóò ti ọ̀pá ìka rẹ̀ bọ inú àpótí kan tí yóò fi hàn pé ó ti wọlé. Bí ó bá parí, yóò wá tì í bọ inú ti kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá wọlé tí kò tí ì jáde, orúkọ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tí wọn kì í fi ṣeré ni pé bí o tilẹ̀ sọnù, bí ó tilẹ̀ rẹ̀ ọ́, bí o kò rí àsíá kan ṣoṣo, o gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kí o tó lọ. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò. Mo mọ̀ ọ́n sọ dáadáa.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹta ọdún 2017, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá. Ọmọ wa sá ti àwọ̀ ọsàn. Aago méjì ààbọ̀ ni ìdíje parí. Orúkọ márùn-ún ló kù, ó di mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan. Nọ́mbà ni mo kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ni mo ka orúkọ. Orúkọ ọmọ mi ni.

Olórí ètò ọjọ́ náà wá bá mi, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Aṣọ wo ni ó wọ̀? Ìgbà wo ni ó wọlé? Ṣé kò sí nínú mọ́tò yín? Mo ní kò lè sí níbẹ̀, mọ́tò wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi. Mo yọ ọ́ jáde, mo fi hàn án.

Wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n pín àsíá láàárín ara wọn, ènìyàn méje, méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá onírun funfun ti wọ aṣọ gbígbẹ. Ó tún ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tútù rẹ̀. Ọkọ mi sáré láti inú pápá wọ igbó lọ tààrà. Wọ́n ní kí èmi má kúrò nídìí tábìlì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ yóò gbà jáde bí ó bá jáde. Mò ń gbọ́ fèrè wọn nínú igbó, àti orúkọ ọmọ mi lẹ́nu àwọn òyìnbó tí wọn kò lè pè é dáadáa. Títì ọlọ́kọ̀ gba inú igbó yẹn kọjá. Títì yẹn nìkan ni mò ń rò. N kò lè gbàdúrà tí ó ní orí àti ìdí, “Olúwa, Olúwa” nìkan ni.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin wa, tí obìnrin kan mú lọ rajà kéèkì, wá fa aṣọ mi. Ó ní, “Mọ́mì, Bọ̀dá ń sùn nínú mọ́tò.”

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Láàárọ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀, mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́ pé, “Ọkọ mi, bí òtútù bá pọ̀ jù, má dúró de ẹnikẹ́ni, máa bọ̀ nínú mọ́tò.” Kò rí àsíá kẹta. Ó wá a títí, ó sunkún, ó yọ sí títì, ó sì gba ibẹ̀ dé mọ́tò. Ó fi kóòtù bàbá rẹ̀ bo orí. Ó ní òun rò pé ẹni tí ó parí ni wọ́n ń kà.

Ó tó ààbọ̀ wákàtí mìíràn kí gbogbo wọn tó jáde, nítorí fóònù kò mú níbi púpọ̀ nínú igbó náà. Ìyá onírun funfun ni ó kẹ́yìn, ẹ̀gún ti ya ìpá aṣọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀. Ó rò pé mo ṣubú ni, ó di apá mi mú, ó ń fà mí dìde, ó ní ṣé n kò fara pa. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá tíì ṣì kù. Kò sí ẹni tí ó bínú. Èmi nìkan ni mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá ọmọ náà létí, ọkọ mi sì di ọwọ́ náà mú.

N kò sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Mo jẹ́ kí ọmọ mi ru ẹ̀bi náà nìkan délé. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo tó sọ fún ọkọ mi, ní ọjọ́ Ajé mo tẹ olórí náà láago. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní inú mọ́tò tàbí ilé ni wọ́n ti máa ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè torí ìyẹn má wọ igbó. Ó wá ní kí n mú ọmọ náà wá jókòó tì mí nídìí tábìlì nígbà mìíràn. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo pe ọmọ náà sí pálọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Ó jókòó tì mí lóṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ó di ìwé àwọn tí kò tí ì jáde mú láti àárọ̀, kò jẹ eré. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù, ọkùnrin kan ti inú igbó jáde, ó ń tiro, kò parí, ó sì kọjú sí ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Kí n tó dìde, ọmọ mi ti fo tábìlì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, ó ń bẹ ọkùnrin náà pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá òun.