Ọjọ́ Tí Ife Wọ Ìlú Jọ́s

Ẹni tí ó bá ti gun òkè wá sí Jọ́s rí mọ òtútù rẹ̀ àti àwọn àpáta rẹ̀ tí ó gun ara wọn lórí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù September, ọdún 2017, ìlú náà gbóná.

Láti oṣù January ni Plateau United ti ń du ife líìgì pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 19 mìíràn. Ó ku ẹyọ ìdíje kan nínú 38, MFM ti Èkó sì ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ nínú agbo ilé wa. Àwa àgbà ní ti Èkó ni à ń ṣe, nítorí ilé là ń wò. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, níbo ni ẹ ti bí wa?” A kò rí èsì fún un.

A bá wọn lọ sí pápá ìṣeré tí ó wà ní ọ̀nà Zaria. Plateau fi góòlù 2 sí òdo na Rangers ti Ẹnúgù. Kennedy Boboye ni olùkọ́ wọn, ife líìgì wọn àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Ní ìlú tí ìjà ọdún 2001 ti pín sí méjì, a rí Bìrọ́mù, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá tí wọ́n jọ ń jó.

Ibi tí a bá ń gbé là á ṣe. Kí Olódùmarè fi àlàáfíà jíǹkí Jọ́s. Àmín.