Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Ìbọn Tí A Gbà Kò Gbọdọ̀ Padà Sígboro

Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

   

Inú mi dùn nígbà tí o pè pé o wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí yóò máa gba ìjọba Làìbéríà nímọ̀ràn lórí ìbọn tí kò níwèé àti bí ilé ẹjọ́ ṣe ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lẹ́yìn ogun. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára jù tí mo fẹ́ kí o mú lọ: gbígba ìbọn lọ́wọ́ èèyàn kọ́ ló le jù. Èyí tó le ni pé kí ìbọn náà má padà sígboro, kí ẹni tó fi ṣọṣẹ́ sì rí ìdájọ́ tó tọ́.

Òpin ọdún 1989 ni ogun bẹ̀rẹ̀ ní Làìbéríà. Ó rọlẹ̀ ní 1997, ó tún gbiná ní 1999, ó sì di oṣù Kẹjọ 2003 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Accra. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wa wà lára àwọn tó lọ pẹ̀tù sí i ní 1990, àwọn náà ló tún ṣíwájú wọ Monrovia ní 2003. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà wálé. Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé onílé lo ń lọ dá sí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tó jagun ní bárékè Schieffelin, lẹ́bàá Monrovia. Èrò tó ya wá pọ̀ ju èyí tí wọ́n múra dè lọ. Owó tí àwọn tó jagun retí kò tètè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ni wọ́n bá fa wàhálà, ẹ̀mí ṣòfò, iṣẹ́ náà sì dúró títí di oṣù Kẹrin 2004. Nígbà tí wọ́n fi parí rẹ̀, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jagun lé ní 100,000, bẹ́ẹ̀ ìbọn tí wọ́n rí gbà kò tó 30,000. Ẹni tó bá kó ọta 150 wá náà, wọ́n gbà á wọlé, 300 dọ́là sì ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá ogun kan bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọta fún ẹni tí kò jagun rí, kí wọ́n lè jọ pín owó. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ètò fífi owó gba ìbọn síwájú rẹ, bi í pé ta ni yóò jèrè.

Kì í ṣe pé Làìbéríà kò lófin lórí ìbọn. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006 ní kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní àmì àti nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìjọba sì ní àkọsílẹ̀ wọn. Làìbéríà náà ṣe òfin ìbọn ní 2015. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ọlọ́pàá á gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lóru, á kọ "ìbọn kan" sínú ìwé, ó parí. Kò kọ nọ́ńbà, kò ka ọta, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sí yàrá ẹ̀rí kò sì fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á dìde: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìbọn yìí gan-an ni?" Ọlọ́pàá á dákẹ́, adájọ́ á da ẹjọ́ nù. Bí ìbọn náà bá sì rìn jáde nínú yàrá yẹn, ta ni yóò mọ̀?

Ọ̀ràn ọgbà ẹ̀wọ̀n tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àgbà Monrovia ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹni tó jí fóònù lè bá adigunjalè sùn nínú yàrá kan náà. Ní ti ìdájọ́ ogun náà, Charles Taylor, tó ti jẹ́ ààrẹ Làìbéríà rí, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ní 2012, àmọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sierra Leone ni, kì í ṣe ní Làìbéríà. Ọdún 2024 ni Ààrẹ Joseph Boakai tó fọwọ́ sí àṣẹ láti dá ọ́fíìsì tí yóò ṣètò ilé ẹjọ́ fún ọ̀daràn ogun sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀, tí kò rí ẹni dá a láre, kò ní tètè gbà kí o gba ìbọn tó fi ń ṣọ́ ilé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ pẹ̀lú. Ní abúlé, ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ ni ọ̀pọ̀ fi ń pa ẹran jẹ. Má ṣe jẹ́ kí òfin ka ọdẹ àti adigunjalè sí ọ̀kan náà. Kí wọ́n lè forúkọ ìbọn wọn sílẹ̀ nítòsí ilé, ní owó tí kò ga. Jókòó ti àwọn ìyá pẹ̀lú. Àwọn obìnrin tí Leymah Gbowee kó jọ ní 2003, tí wọ́n wọ aṣọ funfun jókòó sójú pópó, wà lára àwọn tó jẹ́ kí àlàáfíà dé.

Ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ, kí ó jẹ́ èyí: kí àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tó pé. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn, iye ọta, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti rí i, kí ènìyàn sì fọwọ́ sí i nígbàkígbà tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí yàrá ẹ̀rí ní kọ́kọ́rọ́ méjì lọ́wọ́ ẹni méjì. Kí ẹlẹ́jọ́ dé iwájú adájọ́ lásìkò. Má jẹ́ kí ó sú ọ láti máa tẹnu mọ́ ọn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Máa pè wá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ